ÌṢẸ́JÚ DÍẸ̀ LỌ́DỌ̀ DÉLÉ GÍWÁ

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé àwọn aṣojú wọ́ọ̀dù Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. A tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́.

Ẹni tó bá ti Ìfọ́n dé Ọ̀wọ̀ lónìí tí àyà rẹ̀ kò já lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. (Ẹ̀rín.)

Iṣẹ́ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbé fún mi kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní kí n sọ bí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí yóò ṣe máa dé etí àwọn ènìyàn. À ń tẹ̀ ẹ́, owó là ń ná sí i, wọ́ọ̀dù sì ń gbà á. Àmọ́ nígbà tí mo lọ káàkiri, ibi tí mo ti ń rí i ni ọwọ́ àwọn alákàrà. Ní abúlé kan ní Ọ̀sẹ́, ìyá kan ti fi tirẹ̀ dí ojú fèrèsé. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ tiẹ̀ ti gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀?" Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò kà á fún mi?"

N kò lè dá a lóhùn. Mo gun ọ̀kadà mi, mo ń lọ, mo wá rántí bàbá mi. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún yín, lẹ́yìn náà n ó sọ ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. N kò sì bá Délé Gíwá pàdé rí. Wọ́n pa á ní ọdún 1986, 1989 ni wọ́n bí mi. Bàbá mi ló bá a pàdé, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ ọ́, ó tún un sọ, títí ó fi kú ní 2011, tí ó fi dà bí ẹni pé èmi náà wà lórí ìjókòó yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ ẹni tí à ń wí, ẹ gbọ́ ná. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí Délé Gíwá sí, ní oṣù March ọdún 1947. Kì í ṣe ọmọ olówó. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní Oduduwa College, ibẹ̀ náà ni ọmọ ọ̀hún sì ti kàwé. Ugbekpe-Ekperi ni ìlú bàbá rẹ̀, ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Edo. Ẹ̀yin ará Ìfọ́n, kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn sí yín. Bí ẹ bá ti dé Sobe, ilẹ̀ Edo lẹ wọ̀ yẹn. Ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó gboyè ní Brooklyn College, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn New York Times. Ẹni tó bá dé irú ibẹ̀, ṣé á fẹ́ padà wá síbi tí iná ti ń lọ? Ó padà. Ó ṣiṣẹ́ ní Daily Times, ó di olóòtú Sunday Concord, lẹ́yìn náà òun àti Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed dá Newswatch sílẹ̀. January 1985 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn ènìyàn.

Ìjọba ológun là ń bá yí nígbà náà. Ẹ̀yin àgbà rántí òfin kẹrin ti ọdún 1984. Òfin yẹn kò bìkítà bóyá òótọ́ lo kọ tàbí irọ́. Bí ohun tí o kọ bá ti lè dójú ti àwọn tó wà lórí àlééfà, ẹ̀wọ̀n ni. Òun ni wọ́n fi sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn Guardian sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ológun mìíràn gbà á ní August 1985, wọ́n ní àwọn ti pa òfin náà rẹ́. Àwọn ènìyàn jó. Bàbá mi náà jó.

Ejẹ́ńtì ìwé ìròyìn ni bàbá mi, ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba níbí. Tábìlì kan, àga gbọọrọ kan, páànù lókè. Ó ti ń tà á láti ayé ẹgbẹ́ UPN. Ẹ rántí 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Akin Omoboriowo ti NPN ló wọlé dípò Adékúnlé Ajásin, bàbá wa, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ìpínlẹ̀ yìí gbaná, tí ilé ẹjọ́ sì dá Ajásin padà sípò. Bàbá mi ní ìwé ìròyìn kì í lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí tábìlì nígbà náà. Ẹni tí kò rí rà kò lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ejẹ́ńtì, kí ni wọ́n wí?" Bí kíkà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á jókòó, á máa wo Òyìnbó nínú ìwé, á máa sọ ọ́ ní èdè Ọ̀wọ̀ wa. Àwọn alágbàṣe tó ti oko kòkó dé, àwọn télọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà, gbogbo wọn á péjọ. Ìyá aláta kan wà láàárín wọn. Ohun yòówù tí bàbá mi bá kà, bí ó bá ti kà á tán, ìyá yìí á béèrè pé, "Ta ló rí i?" Bí wọ́n bá ní mínísítà kan kówó jẹ, "Ta ló rí i?" Bí wọ́n bá ní ìjọba ti gbẹ́ kànga 40, "Ta ló rí i?" Bàbá mi á máa wá inú ìwé náà kiri, bóyá akọ̀ròyìn dárúkọ ẹni tó rí i. Bí kò bá sí i níbẹ̀, ìyá á ní, "Ẹ ká a sílẹ̀, ẹ ka òmíràn." (Ẹ̀rín.)

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, Newswatch kì í dé lásìkò mọ́. Awakọ̀ tó ń kó o bọ̀ ní ibi tó máa ń yà. Ti ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ là á rí i, àwọn oníbàárà a sì kọ̀ ọ́. Bàbá mi di ẹ̀dà tí kò tà sínú páálí, ó wọ agbádá tó fi gbéyàwó, ó wọ mọ́tò, ó di Èkó. Ọ́fíìsì Newswatch wà ní Oregun Road, ní Ìkẹjà. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó láti àárọ̀, páálí lẹ́sẹ̀, òógùn ń wọ agbádá.

Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ọkùnrin kan ti yàrá kan jáde, ó di bébà mọ́wọ́, ó ń yára. Bàbá mi mọ ojú rẹ̀ nínú fọ́tò. Ó dìde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kó kanlẹ̀. Ó mú un dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ní báyìí, ẹ dákun, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu. Bàbá mi kì í ṣe é, èmi náà ò ní ṣe é. A mọ àwọn olóṣèlú tí wọ́n ní Awólọ́wọ̀ sọ fún àwọn létí, lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ ti kú tán. (Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́.) Ohun tí bàbá mi sọ kò pọ̀. Ó ní ọkùnrin náà fi Yorùbá kí òun, Yorùbá ọmọ Ifẹ̀. Ó béèrè ibi tó ti wá. Ó béèrè iye ẹ̀dà tó ń tà. Ó tán.

Ẹ̀dà mẹ́wàá ni. Ojú ti bàbá mi láti sọ ọ́. Àwọn ejẹ́ńtì Ìbàdàn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Ó bá yára fi kún un pé, "Ọ̀gá, mẹ́wàá là ń rà o, ṣùgbọ́n àwa tó ń gbọ́ ọ kò níye." Ó wá ṣàlàyé bó ṣe ń kà á níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọkùnrin tó ń yára yẹn dúró. Ó gbé bébà ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì akọ̀wé, ó ń gbọ́. Nígbà tí bàbá mi dé orí ìyá aláta àti "Ta ló rí i?", ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó jẹ́ kí àwọn tó wà nínú yàrá yọjú. Ẹnìkan pè é láti inú. Ó tún bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó mú bébà rẹ̀, ó wọlé.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, bóyá méje. Nígbà tí bàbá mi máa dé iwájú akọ̀wé, wọ́n kọ ẹ̀dà 15 fún un dípò mẹ́wàá. Bóyá ọ̀gá ló pàṣẹ, bóyá akọ̀wé ló rò ó, bàbá mi kò mọ̀. Ó gba ohun tí wọ́n fún un, ó wálé. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kà, á kọ́kọ́ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde, á ní, "Ọwọ́ tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rèé." Wọ́n á ní kó jọ̀wọ́ kàwé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù October ọdún yẹn náà ni wọ́n pa Délé Gíwá. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn aláàbò ìjọba ti pè é, wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yìí, wọ́n mú lẹ́tà ńlá kan wá sí ilé rẹ̀ ní Talabi Street, Ìkẹjà. Ọmọ rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Bọ́ǹbù ló wà nínú ẹ̀. Kayode Soyinka, akọ̀ròyìn Newswatch láti London, wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọlọ́run yọ ìyẹn. Délé Gíwá kú lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 39 ni.

Ẹni tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ilé ẹjọ́ kankan kò tíì dárúkọ rẹ̀ títí di òní. Ìjọba ìgbà náà ní kì í ṣe àwọn. Gani Fáwẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, ọmọ ìpínlẹ̀ wa yìí, gbé e lọ sí kóòtù. Wọ́n bi í pé kí ló kàn án, ṣé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni? Ní December 1987, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé ó kàn án. Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn kan gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìgbìmọ̀ Oputa tún gbọ́ ọ lẹ́yìn tí ológun lọ. Ní February 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja pàṣẹ pé kí ìjọba tún ìwádìí ṣe lórí ikú àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n pa, orúkọ Délé Gíwá sì wà níbẹ̀. Ọdún 37 ó lé. Ẹ wo bí ìbéèrè ìyá aláta ṣe pẹ́ tó lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ kì í ṣe Èkó. Ọ̀wọ̀ ni.

Nígbà tí Newswatch tó ròyìn ikú rẹ̀ dé, bàbá mi ní èrò tó wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kò rí irú rẹ̀ láti 1983. Ó kà á. Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá aláta kò béèrè nǹkankan lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ń tú ká, ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tó dúró lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, sún mọ́ tábìlì. Ó ra ẹ̀dà kan. Ó béèrè orúkọ bàbá mi. Ó béèrè ilé bàbá rẹ̀. Ó béèrè iye ọmọ tó ní. Kò halẹ̀, kò gbóhùn sókè. Ó ní ó dàárọ̀, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn dé, wọ́n jókòó. Bàbá mi ní ọ̀fun ń dun òun. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta, ọ̀fun. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀fun. Ìyá aláta se àgbo wá fún un, ó gbà á, ó mu ún níwájú rẹ̀. Ní April 1987 ìjọba ti Newswatch pa fún oṣù mẹ́fà, ara sì tu bàbá mi díẹ̀, nítorí kò sí ohun tí wọ́n máa ní kó kà mọ́. Ó ń ta ìwé ìròyìn lọ títí ó fi darúgbó, àmọ́ kò kà á sókè fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá aláta kú ní àárín yẹn.

Ní ọdún tó kú, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló fẹ́ bá mi sọ. Ó ní, "Ọ̀fun kò dùn mí rí o." Mo ní, "Bàbá, kí lẹ wí?" Ó ní, "Nígbà náà. Ọ̀fun kò dùn mí."

(Ìdákẹ́jẹ́.)

Ẹ má ro pé mo wá fi bàbá mi ṣẹ̀sín. Ó ní ọmọ mẹ́rin nígbà náà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹni tó tóbi jù ú lọ nínú ilé ara rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, kí ló ṣe mí? Ní ìdìbò kan, kò tíì pẹ́, ní ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin akọ̀ròyìn kan wá bá mi. Kò lè ju ọmọ ọdún 24 lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé yẹn?" Mo rí i. Mo rí àpò, mo rí ẹni tó gbé e dání, mo mọ ilé bàbá rẹ̀. Dìbò-kí-o-sebẹ̀ ni, ojú mi ló ṣe. Mo ní, "Àbúrò, n kò rí nǹkankan." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé n kò rí nǹkankan. Ó dúpẹ́.

Kò sí ẹni tó na ìbọn sí mi. Kò sí ẹni tó béèrè iye ọmọ mi.

Ẹ ó béèrè pé ẹgbẹ́ wo ló ń pín owó? N kò ní sọ. Bí mo bá ní ẹgbẹ́ tiwa kò ṣe irú rẹ̀ rí níbikíbi, irọ́ ni mo pa, ẹ ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Alága ń wò mí. Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. (Ẹ̀rín.)

Ẹnìkan sọ fún mi lánàá pé ayé ti yí padà, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ta ló ń gbọ́ ìwé kíkà mọ́? Fóònù wà lóòótọ́. Ohun tó ń ti inú ẹ̀ bọ̀ ni pé ẹnìkan gbọ́ ní Ìfọ́n pé wọ́n jí ènìyàn gbé ní Ùtè, ará Ùtè gbọ́ pé Ìfọ́n ni, kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí ẹni tó lọ oko. Nínú ilé, ìwọ nìkan àti fóònù, kò sí ìyá aláta tí yóò béèrè ta ló rí i.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ohun tó yẹ kí a béèrè wà nílẹ̀. Ọba Israel Adeusi, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, tí wọ́n yìnbọn pa ní Elegbeka ní November 2020, ọ̀nà tí ẹ gbà wá lónìí ni. Ọjọ́ 5 oṣù June 2022, ní ìjọ Kátólíìkì St Francis Xavier níbí, àwọn ènìyàn tó lé ní 40 lọ jọ́sìn, wọn kò padà sílé. Ní August 2025 wọ́n gbé afurasí márùn-ún lọ sí ilé ẹjọ́ ní Abuja lórí ọ̀rọ̀ náà. Mélòó nínú wa ló ń tẹ̀lé ẹjọ́ náà? Ta ló ń sọ ibi tó dé fún àwọn ìyá tó sin ọmọ? Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà lábẹ́ ilẹ̀ Òkèlúṣé, ìlérí ilé iṣẹ́ la sì ń gbọ́ láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ìjọba tó wà lórí oyè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Bí a bá sì wọlé lọ́la, àwa náà lè má fẹ́ ẹ. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lára kí a tó débẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yan ẹni kan tó mọ̀wé kà, tí ohùn rẹ̀ ròkè. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ du ipò, ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹn á máa fo ibi tí wọ́n ti bú u. Bí ìwé bá dé, kí ó kà á sókè ní ìrọ̀lẹ́, ní ọjà tàbí lábẹ́ igi, ní èdè ìlú yín. Ará Ìdó-Àní kò nílò Yorùbá Ọ̀yọ́ tèmi. Kí ó ka tiwa, kí ó ka ti àwọn tó ń bú wa pẹ̀lú, bí ó bá rí i. Bí ẹnìkan bá béèrè pé ta ló rí i, kí ó wá a nínú ìwé. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ó mú un wá fún mi ní ọ́fíìsì wa níbí. A ó wá ìdáhùn, a ó tẹ̀ ẹ́. Bí àwa la parọ́, a ó tẹ ìyẹn náà.

Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ti di ti oní-kíláàsì fóònù, ṣùgbọ́n mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti gbà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àga gbọọrọ yẹn ṣì wà, mo ti ní kí káfíńtà kan ẹsẹ̀ kan mọ́ ọn. Kò lè gbà ju ènìyàn mẹ́fà lọ, nítorí náà ẹni tó bá ní àpótí nílé, kó gbé e dání.